Ọmọ mi ń kàwé mọ́jú, kí ló dé tí kò fi rántí?

Ìbéèrè ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. WAEC ọmọkùnrin mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Alaalẹ́ ló ń ki ẹsẹ̀ bọ bàsíà omi tútù lábẹ́ tábìlì kí oorun má baà gbé e lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú mi báyìí ló ṣe ka nóòtì báyọ́lọ́jì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ títí di aago mẹ́ta òru. Ilẹ̀ mọ́, tíṣà ní kí wọ́n ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá, ìlà méjì péré ló rí kọ. Ẹkún ló sun délé. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá ìsọ̀yè fún un. Aládùúgbò wa ní ọpọlọ rẹ̀ ti kún, kí n jẹ́ kó sinmi ìwé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

* * *

Mọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ibi tó ń dun ọmọ yẹn. Ọmọ tó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù ní aago mẹ́ta òru nítorí ìwé kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀. Ojú ló fi ń ka ìwé náà. Kò tíì fi orí wá a rí.

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà ní báyọ́lọ́jì, irú ọmọ yín kò sì lóǹkà lọ́wọ́ mi. Nóòtì wọn mọ́ tónítóní, wọ́n fi bírò aláwọ̀ ìyeyè kùn ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i, ohun gbogbo dà bí ojúlùmọ̀. Àmọ́ ẹni téèyàn mọ ojú rẹ̀ lójú títì, kì í ṣe gbogbo ìgbà la máa ń rántí orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé tí a kà lẹ́ẹ̀mẹjọ rí: a mọ̀ ọ́n lójú, a ò lè pè é jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí, nítorí tí a kò bá mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ràn á kàn máa ta ko ìmọ̀ràn lásán. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ti sọ̀rọ̀ sábẹ́ ìbéèrè Mọ́mì, màá dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo bá ṣe ń lọ.

* * *

Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ àgbàlagbà tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Wọn kò lẹ̀ mọ́ra. Santiago Ramón y Cajal, dókítà ará Sípéènì, jókòó ti máíkírósíkóòpù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń fi ọwọ́ ya àwòrán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló sì dúró lórí rẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá wà, ó kàn ń bá ìkejì sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Nobel ní 1906. Níbi tí méjì ti fẹ́ pàdé, àlàfo tín-ń-tín wà. Ọ̀kan á tú kẹ́míkà sínú àlàfo náà, èkejì á gbà á. Oríta ni màá máa pe ibẹ̀.

Ẹ wo ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti oníbàárà rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá náà á pè é títí kó tó yà. Tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, ìyá náà á ti máa di tirẹ̀ sílẹ̀, á máa fi èènì sí i. Tó bá di pé kò yẹsẹ̀, tó tún ń mú ará ilé rẹ̀ wá, ìyá náà á pa àtẹ kejì. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ dúró fún wákàtí mẹ́fà lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó máa pa àtẹ nítorí rẹ̀.

Bí oríta inú ọpọlọ ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Onímọ̀ ọpọlọ kan, Eric Kandel, fi ìgbín òkun kan tó ń jẹ́ Aplysia wádìí rẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì ìgbín náà kò ju nǹkan bí 20,000 lọ, wọ́n sì tóbi. Bí wọ́n bá fi iná mànàmáná ta ìgbín náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù á máa bà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀: kẹ́míkà tó ń tú síta ni ó kàn pọ̀ sí i, èènì lásán. Bí wọ́n bá ń ta á lọ́jọ́ sí ọjọ́, tí wọ́n ń fún un ní àyè láàárín, ẹ̀rù náà á pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí wọ́n sì wo inú rẹ̀, oríta tuntun ti hù, nǹkan bí ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Àtẹ kejì nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì náà gbọ́dọ̀ ṣe purotéènì tuntun láti kọ́ ọ, ìyẹn sì ń gba àkókò. Kandel gba Ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn ní 2000.

Mọ́mì, ẹ fi ìyẹn wé kíkà lẹ́ẹ̀mẹjọ lóru ọjọ́ kan.

* * *

Ẹnì kan ní ìgbín kọ́ ni ọmọ èèyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Oslo, ní Norway, àwọn onímọ̀ méjì, Tim Bliss àti Terje Lømo, rí irú rẹ̀ nínú ọpọlọ ehoro, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973: wọ́n rán iná kíákíá gba ojú oríta kan kọjá fún ìgbà díẹ̀, oríta náà sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí ó wú mi lórí gan-an. Lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́, ilẹ̀kùn kan wà tí èròjà kan tó ń jẹ́ magnesium dí pa. Kẹ́míkà tí sẹ́ẹ̀lì kejì tú síta nìkan kò lè ṣí i. Àfi kí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ náà ti ta gìrì kí magnesium tó yà lẹ́nu ọ̀nà. Ìpè àti ìtagìrì gbọ́dọ̀ ṣe kòńgẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kálísíọ̀mù á ya wọlé, òun ló máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tó ń mú kí oríta yẹn tètè gbọ́ nígbà mìíràn. Donald Hebb, ará Kánádà, ti sọ ọ́ ní 1949, kí ẹnikẹ́ni tó rí ilẹ̀kùn yìí, pé sẹ́ẹ̀lì tó bá ń kópa léraléra nínú títa èkejì jí, okùn àárín wọn á máa yi sí i. Tí ojú bá ń sáré lórí ìwé tí ọkàn ti lọ sórí fóònù, ìpè wà, ìtagìrì kò sí.

* * *

Ẹni tó ní ọpọlọ ọmọ náà ti kún: ọpọlọ kì í ṣe àgbá omi. Ìmọ̀ kò gba àyè ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn máa ń tètè mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́, nítorí ti tuntun ti rí ibi tó máa so mọ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ti ka ìwé fún wákàtí mẹ́fà ni pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ohun tó jọra sì ń dàrú mọ́ ara wọn.

Ẹni tó dá a lóhùn pé ìdá 10 nínú 100 ọpọlọ wa nìkan la ń lò, ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 agbára tí ara ń lò nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Ara kì í bọ́ ọ̀lẹ bẹ́ẹ̀.

* * *

"Kíráàmù ni àwa fi yege, kí ló wá burú níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n, mi ò jiyàn pé ẹ yege. Kíráàmù ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀la. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, fi ìwé kíkà dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn kan ka àyọkà kan ní ìgbà mẹ́rin. Àwọn mìíràn kà á ní ìgbà kan, wọ́n wá gba ìwé kúrò níwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó kà á léraléra ló borí: 83 nínú 100, àwọn yòókù 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, eré ti yí padà. Àwọn tó kà á léraléra rántí 40, àwọn tó ń wá a nínú orí rántí 61. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó kà á léraléra gan-an ni ó dá lójú jù pé wọn ò ní í gbàgbé.

Ohun tó ṣe ọmọ Mọ́mì nìyẹn. Ó sùn pẹ̀lú ìdánilójú, ó jí, kò bá nǹkan kan.

Ní kíláàsì mi, ọmọbìnrin kan wà tó máa ń sọ pé, "Sà, mo mọ̀ ọ́n, kò kàn fẹ́ jáde ni." Lọ́jọ́ kan mo ní kó pa nóòtì dé, kó sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá. Ó ní, "Ó máa kọ́kọ́ wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún, ó máa bọ́ sí ti ìsàlẹ̀..." Ó dákẹ́. Ó gbójú sókè àjà. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá etí nóòtì, mo gbé ọwọ́ mi lé ìwé náà. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Àwọn kan fẹ́ ta á lólobó, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó kàn pariwo, "Ẹ̀dọ̀fóró! Ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ kó tó padà sápá òsì!" Mo bi í ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún bi í lẹ́yìn oṣù kan, kò ṣì í mọ́. Ìṣẹ́jú tó fi gbójú sókè yẹn ni iṣẹ́ náà. Bí mo bá ti jẹ́ kó yọjú wo nóòtì, mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oríta rẹ̀.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé àkọ́sórí ló ba ẹ̀kọ́ wa jẹ́, kí a fi sílẹ̀ pátápátá. Mi ò gbà.

Ilé-kéú ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Àáfà wa kì í jẹ́ ká fọ wàláà àfi tí a bá ti ka ohun tó wà lójú rẹ̀ láìwò ó. Wọ́n á gba wàláà lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á dà á dé orí itan wọn, wọ́n á ní, "Kà á." Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó kọ tuntun, wọ́n á béèrè ti àná. Lọ́jọ́ Àlàmísì, wọ́n á mú èyí tí o ti gbàgbé pé o kọ́. Títí di òní, ẹ lè jí mi lóru, màá kà á. Nígbà tí mo dé ilé ìwé gírámà, kò sí ẹni tó dà wàláà dé mọ́. Wọ́n ní ká lọ ka nóòtì wa, mo ń kà á, mo ń kà á, báyọ́lọ́jì sì gbé mi ṣubú nígbà àkọ́kọ́. Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé Àáfà tí kò kàwé òyìnbó rárá ló mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn tíṣà wa lọ.

Ibi tí mo ti gbà fún ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ni pé a kì í sábà sọ ìtumọ̀ fún wa. Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ kò rí ohun tó máa dì mú. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí bó ṣe fi ara rẹ̀ kọ́ àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, tó ń ka wákàtí. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti pàdánù ju ìdajì iṣẹ́ tó ṣe lọ. Ìtumọ̀ ń dín ìyẹn kù púpọ̀. Kí ọmọ mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ní láti kọ́kọ́ lọ gba atẹ́gùn, kò ní í gbàgbé pé ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ jẹ́ kó yé e, kó sì tún kọ́ ọ sórí. Mi ò mọ ìdí tí a fi ń bá ara wa jà lórí èyí tó yẹ ká mú nínú méjèèjì.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀yè. Mo mọ̀ pé ó máa bí àwọn kan nínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ awo tí ìsọ̀yè ti ọ̀dọ̀ wọn gbajúmọ̀. Odù 256 ni, ẹsẹ kò lóǹkà lábẹ́ wọn, ọmọ awo sì lè lo ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ ọ̀gá. Kí ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ọdún yẹn? Ọ̀gá á sọ, ọmọ á tún un sọ. Ọmọ á kì í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bó bá ṣì í, wọ́n á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Tí ìsọ̀yè nìkan bá tó, ọdún mẹ́wàá kì bá má pọndandan. Ẹni tó bá fún ọmọ ní ìsọ̀yè tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́ ti mú ìdajì, ó fi ìdajì sílẹ̀, ìdajì tó fi sílẹ̀ ni mo sì mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Oògùn tí àwọn ọmọ ń rà ní kẹ́mísì kí wọ́n má baà sùn, ìyẹn ni kí ẹ bá mi wo àpò ọmọ yín fún. Mo ti rí èyí tó dá wàhálà sílẹ̀, n kò fẹ́ rí òmíràn.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa bàbá rẹ̀, tó ń kọ orin ìgbà èwe wọn láìfi ìlà kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò rántí pé òun ti jẹ àmàlà láàárọ̀: ọ̀rọ̀ náà kan ibi kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nínú orí lọ́hùn-ún, ní ìtòsí etí. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ara ọkùnrin kan wá, Henry Molaison. Wárápá ń dà á láàmú. Ní 1953, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 27, dókítà kan ní Hartford, ní Amẹ́ríkà, gé èyí tó pọ̀ jù nínú hippocampus rẹ̀ méjèèjì kúrò. Wárápá dẹwọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tó fi kú ní 2008, kò fi bẹ́ẹ̀ lè fi ohun tuntun pa mọ́ sórí mọ́. Ẹ bá a jẹun tán, ẹ jáde, ẹ padà wọlé, àlejò tuntun ni yín. Ohun ìgbà èwe rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Olùwádìí kan, Brenda Milner, fún un ní àwòrán ìràwọ̀ láti tọ bírò yí ká, ṣùgbọ́n inú dígí ló ti ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bírò ń ṣìnà. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń dáa sí i, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ rántí, ẹnu kò rántí. Ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ sí yàtọ̀ sí ibi tó ń gba ìtàn ọjọ́ wọlé.

Àrùn Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan, sábà máa ń tètè ba agbègbè hippocampus jẹ́, ìdí nìyẹn tí ti àárọ̀ fi ń kọ́kọ́ lọ tí ti ìgbà èwe ń pẹ́. Ẹ gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn dáwọ́ jọ pẹ̀lú àwọn ti Indianapolis láti 1992, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn àgbà ẹni ọdún 65 sókè, àwọn ti àdúgbò Ìdíkàn níhìn-ín, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára 1.35 nínú 100 lọ́dún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Tó bá jẹ́ ogbó nìkan ni, iye náà ì bá ti bára mu.

* * *

"Mo ti lé ní 50, ṣé mo ṣì lè kọ́ nǹkan tuntun?" Ẹ lè kọ́ ọ. Àwọn tó ń wa takisí dúdú ti Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ mọ nǹkan bí òpópónà 25,000 láìwo máàpù. Onímọ̀ ọpọlọ kan, Eleanor Maguire, wo ọpọlọ wọn ní 2000, apá ẹ̀yìn hippocampus wọn tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn kan ní bóyá bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ó tún tẹ̀ lé àwọn 79 tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn 39 tó yege nínú wọn, apá yẹn ti pọ̀ sí i lórí wọn ní ìparí, bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àgbà ni gbogbo wọn. Ó lè pẹ́ díẹ̀ ju ti ọmọdé, kò yẹ kí ìyẹn dá yín dúró.

* * *

Mọ́mì padà wá, wọ́n ní: "Mo ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Kí ni kó ṣe lálẹ́ òní?"

Kó ka orí kan, ẹ̀ẹ̀kan, kó fara balẹ̀. Kó pa á dé. Kó mú tákàdá òfìfo, kó kọ gbogbo ohun tó bá rántí, kó ya ọkàn náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọfà. Bí kò bá rántí, kó jókòó tì í díẹ̀, kó wá a. Lẹ́yìn náà ni kó ṣí ìwé, kó fi bírò pupa kọ ohun tó fò àti ohun tó ṣì, torí àṣìṣe tí a kò tètè tún ṣe náà máa ń pa àtẹ. Lọ́la, kó tún un kọ kó tó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kó tún un kọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀. Á nira ju kíkà lọ, á sì dà bíi pé kò mọ nǹkan kan. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ kó má baà sá padà sínú nóòtì aláwọ̀ ìyeyè.

Ẹ̀yin náà, ẹ máa bi í. Ẹ kò nílò láti mọ báyọ́lọ́jì. Ẹ gba nóòtì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dà á dé orí itan yín bíi ti Àáfà, kí ẹ ní kó kọ́ yín. Kí bàbá rẹ̀ jókòó gbọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó sùn. Ní 1994, àwọn olùwádìí méjì, Wilson àti McNaughton, rí i lára àwọn èkúté pé sẹ́ẹ̀lì hippocampus tó ń jọ ta jí nígbà tí wọ́n ń rìn lójú mọmọ tún ń jọ ta jí nígbà tí wọ́n ń sùn. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń tún ọ̀nà ọ̀sán rìn. Ọmọ yín ti ń fi omi tútù lé iṣẹ́ náà lọ. Ẹ da omi inú bàsíà yẹn nù ní aago mẹ́wàá, kí ẹ pa iná.